Ewé Tó Pẹ́ Lára Oró

Ìlú Richland, oṣù kọkànlá,
afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti òkè tí wọ́n fi orúkọ ejò pè;
gbogbo koríko ayíra ti já ní gbòǹgbò,
wọ́n ń yí gbirigbiri kọjá wáyà,
wọn ò ka àkọlé pupa, wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni láti lé wọn bá.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lé ara wọn,
ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀mú gígùn lọ́wọ́ òsì.
Bí koríko bá mọ́, ẹ̀rọ á ta pà, á dákẹ́, á tún ta pà,
bí ìgbà tí àgbàdo kan ṣoṣo ń bẹ́ nínú agbada.
Bí kò bá mọ́,
áà,
òjò orí páànù ni.

Ostrander tó kọ́ mi níṣẹ́ ní
ọdún tí páìpù bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, irun orí òun ṣì dúdú.
Kò sí iná, kò sí èéfín,
omi kan kàn rọra wọlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn.
Wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n kó yanrìn bò ó,
wọ́n nu òógùn, wọ́n ní ó tán.
Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ tí ń fọkọ́ yẹrí,
ẹni tó bu yanrìn sí ọ lójú, o ti dá a lóhùn.

"Ó tán", ẹnu èèyàn nìyẹn.
Gbòǹgbò ò gbọ́.
Koríko tí kò ga ju orókún mi lọ
ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, kì í ṣe olè;
ó mu ohun tó bá níbẹ̀, ó gbé e wá sí ìmọ́lẹ̀, ó fi hu ewé.
Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.
Èyí tó pẹ́ lára oró ńkọ́?
Ó tutù yọ̀yọ̀. Mo búra. Yọ̀yọ̀ ló tutù.

Agbọ́n bu ẹrẹ̀ létí kòtò,
ó mọlé sábẹ́ òrùlé ọ́fíìsì wa, yàrá mẹ́fà, ó dán bí ìkòkò.
A gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, ẹ̀rọ pariwo.
Àwọn ọmọ inú rẹ̀ yọ ìyẹ́, wọ́n fò lọ.
Ehoro lá iyọ̀ ilẹ̀, àṣá gbé ehoro,
àṣá yàgbẹ́ sórí òkúta kan
tí wọ́n ti fi okùn yí ká.

Àgbọ̀nrín sì ń pọ̀ sí i.
Èyí ni n ò lè kọ sínú ìwé ọ̀gá:
ibi tí ènìyàn sá kúrò, igbó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.
Idì kọ́ ìtẹ́ sórí òpó tí kò níná mọ́.
Ẹja sálímọ́nù ń gun odò Kòlọ́ńbíà lọ yé,
níbi tí ìyá wọn yé sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ náà.
Ṣé wọ́n dárí jì wá ni, àbí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ wá?
Ostrander rí alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan rí
tí ìyẹ́ funfun hù níbi tó yẹ kó dúdú.
Ó ń ké bí tàwọn yòókù. Kò padà wá lọ́dún kejì.

Igi mọ́bẹ́rì kan wà létí omi, èso rẹ̀ ń dán.
Wọ́n ní oró náà fojú jọ ohun tó ń mú eegun le,
eegun ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti inú wàrà,
ó ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni ṣí i fún àbúrò.
A gé igi náà. Ó tún rúwé.

Lálẹ́ àná, eyín Ìbídùn ká.
Ó ní, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jù ú sórí òrùlé
bí ẹ ṣe máa ń ṣe nílé.
Mo ní ó dáa.
Ó jáde lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀kan fún ọdún kan.
Mo dúró ní ilé ìdáná, eyín lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò ju ìrẹsì lọ,
kí n tó mọ̀, mo ti ń wá ẹ̀rọ nínú báàgì.
Níta, ó ti kà á dé méje.